Ọkọ̀ Tó Ń Sinmi Lójú Títì

Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kejì

Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà,

Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Mo kí àwọn ọmọ, mo sì kí ẹ̀rọ ìránṣọ yín náà, nítorí mo mọ̀ pé ẹ ó ní mi ò kí ẹni tó ń bọ́ yín. Ìyàwó mi ní kí n bá òun kúnlẹ̀ fún yín. Àlàáfíà ni gbogbo wa wà.

Ẹ má bínú pé ó pẹ́ kí n tó kọ̀wé. Mo ti bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà yìí rí, mo fà á ya, nítorí nígbà tí mo kà á, ó dà bíi pé ẹni tó ń sunkún ló kọ ọ́, kò sì sí ẹkún níbẹ̀ o. Bóyá èmi ni mi ò mọ lẹ́tà kọ. Ìwé mẹ́wàá tí mo kà náà kò sọ mí di akọ̀wé.

Iṣẹ́ ń lọ. Mo ṣì ń gbé àwọn aláìsàn láti ilé wọn lọ sí ilé ìwòsàn, mo sì ń dá wọn padà. Ọkọ̀ tuntun tí mo rà lọ́dún tó kọjá náà wà, ara rẹ̀ ṣì ń dán. Ó kàn jẹ́ pé ó máa ń sinmi díẹ̀ nígbà míì. Tó bá sinmi tán, á tún gbéra. Mo ti mú un padà lọ bá àwọn tó tà á fún mi, wọ́n ń tọ́jú rẹ̀. Kò sí wàhálà kankan. Mo ní kí n sọ fún yín ni, kí ẹ má baà gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíì.

Ẹ bá wa kí gbogbo ilé.

Àbúrò yín


Ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù kejì

Ẹ-má-bínú mi,

Orúkọ tí mo sọ ọ́ láti kékeré yìí kò ní kúrò lára rẹ láéláé. O ò tíì kí mi tán, o ti ń bẹ̀ mí. Kí ni mo ní kí o ṣe tí o ò ṣe? Ṣùgbọ́n mo dúpẹ́ pé ọwọ́ rẹ ni mo rí. Kí ìyàwó wa dìde lórí ìkúnlẹ̀, ó ti pẹ́ jù.

Ẹnu ẹ̀rọ ni mo wà tí mo ń ka lẹ́tà rẹ. Nígbà tí mo dé ibi tí ọkọ̀ ti ń sinmi, abẹ́rẹ́ gún mi lọ́wọ́. Ọkọ̀ wo ló ń sinmi? Ṣé ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ni? Ṣé wọ́n ti ń san owó ìfẹ̀yìntì fún un?

O gbàgbé pé ọmọ bàbá kan náà ni wá. Bàbá wa wa ọkọ̀ akẹ́rù títí orí rẹ̀ fi funfun, mi ò gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ rí pé ọkọ̀ kú. Ó ní awakọ̀ kì í sọ bẹ́ẹ̀ nípa ọkọ̀ tó jókòó sínú rẹ̀. "Ó sinmi" ló máa ń sọ. Ọjọ́ tí bíréèkì ọkọ̀ já lórí òkè, tí gbogbo ẹrù dà sí kòtò, "ó sinmi" náà ló sọ fún màmá wa, àfìgbà tí màmá rí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó wú bí ìrọ̀rí. Nítorí náà, má fi èdè awakọ̀ bá mi sọ̀rọ̀. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.

Níbo ló ti sinmi? Ta ló wà nínú rẹ̀? Má sì pè mí lórí fóònù. Lórí fóònù, "àlàáfíà ni" ti máa ń jáde lẹ́nu rẹ kí n tó bèèrè ọ̀rọ̀. Jókòó, kọ ọ́.

Ohun kan ṣì kù. Tí o bá gbé e lọ bá àwọn tó tà á, ṣé o ń gba ìwé? Má jẹ́ kí wọ́n fi ẹ̀rín sìn ọ́ jáde lọ́wọ́ òfo. Ìwé ọjọ́ tí o gbé e lọ, ìwé ohun tí wọ́n ṣe, ìwé ọjọ́ tí o gbé e jáde. Ìwọ náà mọ bí onílé ṣe kó aṣọ oníbàárà mi síta lọ́jọ́sí. Ìwé tí mo pa mọ́ ló jẹ́ kí n ṣì wà nínú ṣọ́ọ̀bù yìí.

Abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ tí o fi ránṣẹ́ ti ń tán lọ. Kì í ṣe pé mò ń tọrọ o. Mo kàn ń sọ ọ́ ni.

Ẹ̀gbọ́n rẹ


Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, oṣù kẹta

Ẹ̀gbọ́n mi,

Ẹ kú àníyàn wa. Mo ka lẹ́tà yín nínú ọkọ̀, níwájú ilé ìwòsàn, mo sì tún un kà nílé. Ìyàwó mi ní kí n ka ibi owó ìfẹ̀yìntì yẹn sókè, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ẹ sọ òótọ́ fún ẹ̀gbọ́n yín, àbí kí n bá yín kọ ọ́?"

Ó dáa. Orí afárá ni. Afárá gígùn kan wà lórí odò, láàárín àdúgbò àwọn arúgbó àti ilé ìwòsàn, kò sí ibi téèyàn lè yà sí lórí rẹ̀. Màmá kan ló wà lẹ́yìn mi, mò ń gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, nítorí kíndìnrín rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ mọ́. Màmá Oníborùn là ń pè é, torí pé òjò ni o, oòrùn ni o, kì í bọ́ ìborùn rẹ̀. À ń bá eré lọ. Lójijì, gbogbo iná iwájú mi kú, ẹ́ńjìnnì dákẹ́, ohun tí mo fi ń darí ọkọ̀ le bí igi, bíréèkì náà le. Ọkọ̀ akẹ́rù kan ń bọ̀ lẹ́yìn wa, ó ń fọn fèrè. Bó ṣe rí àyè yà fún wa, mi ò mọ̀ títí di òní. Dígí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ ló gbé lọ. Màmá ò pariwo. Ó kàn ní, "Ṣé a ti dé ni?" Mo ní, "Ẹ má bínú mà, ó ń sinmi díẹ̀ ni."

Kì í sì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́. Mo ti gbé e padà fún wọn lẹ́ẹ̀mejì ṣáájú ìgbà náà, mo sì tún gbé e lọ lẹ́yìn rẹ̀.

Ní ti ìwé, ẹ fọkàn balẹ̀. Gbogbo ìwé tí wọ́n fún mi ló wà nínú agolo bisikíìtì lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì wa, mo tò wọ́n tẹ̀lé ara wọn, títí kan ti ẹni tó wọ́ ọkọ̀ kúrò lórí afárá. Mo kó wọn lọ sí ọ́fíìsì tó ń gbèjà ẹni tó bá ra ọjà tí kò dára. Òfin ibí ni pé tí ọkọ̀ tuntun bá ní àbùkù, tí ẹni tó rà á gbé e padà lẹ́ẹ̀mẹta nítorí àbùkù kan náà, tí àbùkù náà kò lọ, dandan ni kí àwọn tó tà á gba ọkọ̀ wọn kí wọ́n sì dá owó padà. Ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ jẹ́ nígbà tí wáránǹtì ṣì wà, ìyẹn àkókò tí wọ́n fi ṣèlérí pé àwọn ṣì dúró lẹ́yìn ọjà wọn. Tèmi yóò parí nígbẹ̀yìn oṣù kẹfà.

Obìnrin kan ló gba ìwé náà lọ́wọ́ mi. Ó kà á, ó tún un kà. Ó ní, "Ọ̀gá, àbùkù mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni mo rí níbí. Èwo lẹ ní ó ń ṣe é?"

Ẹ̀gbọ́n mi, ojú tì mí. Ohun tí oníbàárà bá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ni wọ́n máa ń kọ. Ọkùnrin kan ló ń gba ọkọ̀ níbẹ̀, mo sọ ọ́ ní Onítáì, torí pé bí oòrùn ṣe mú tó, táì wà lọ́rùn rẹ̀. Á ní, "Kí ló ń ṣe ọkọ̀?" Ohun tí mo bá dá a lóhùn ló máa tẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà. Ìwé àkọ́kọ́ ní: "Oníbàárà sọ pé ọkọ̀ máa ń sinmi." Ìkejì ní: "Oníbàárà sọ pé ó jọ pé ó ti rẹ ọkọ̀ díẹ̀, kí a bá òun yẹ̀ ẹ́ wò." Ìkẹta, ti afárá, ní: "Oníbàárà sọ pé dígí ẹ̀gbẹ́ já. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wa." Mo ní kí n fi ti dígí ṣáájú, kó má dà bíi pé ìjà ni mo bá wá, mi ò sì sọ ti ẹ́ńjìnnì mọ́. Mo dúpẹ́ lóòótọ́. Wọ́n kọ ọpẹ́ mi sílẹ̀. Nísàlẹ̀ gbogbo wọn ni wọ́n kọ ọ́ sí: "A yẹ̀ ẹ́ wò, a kò rí nǹkan kan."

Obìnrin náà ní kí n padà lọ sọ ohun tó ń ṣe é gan-an, kí wọ́n sì kọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́. Mo ní mo gbọ́. Mi ò tíì lọ. Ṣé kì í ṣe èmi gan-an ni mo jẹ̀bi báyìí?

Àbúrò yín


Ọjọ́ kejì, oṣù kẹrin

Ẹ-má-bínú mi,

Mo ka tìrẹ. Mo gbé aṣọ tí mò ń rán sílẹ̀, mi ò lè gbé e mọ́ lọ́jọ́ náà. Ọkọ̀ akẹ́rù lẹ́yìn, omi nísàlẹ̀, ìwọ ń bẹ̀bẹ̀. Olúwa ló yọ ọ́. Ṣé o ṣì ń wa ọkọ̀ yẹn? Mo mọ̀ pé o ṣì ń wà á. Kí lo fẹ́ fi ṣiṣẹ́?

Gbọ́ mi. Má bá wọn jà. Àjèjì ni ọ́ níbẹ̀, àwọn ló ni ilé, àwọn ló ni tábìlì, àwọn ló ni kọ̀ǹpútà. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò. Onítáì yẹn, èèyàn ṣáà ni, ìyá ló bí i. Tọ̀ ọ́ lọ ní ìrọ̀lẹ́ nígbà tí èrò bá ti dín kù. Ṣàlàyé fún un pé ẹnu rẹ kò là tó nígbà náà, kó bá ọ tún àwọn ìwé àtẹ̀yìnwá yẹn kọ kí gbogbo wọn lè sọ ohun kan náà. Kí ló máa ná an? Ọwọ́ rẹ̀ ló kúkú kọ ti àkọ́kọ́.

Má lọ lọ́wọ́ òfo. Mo ti rán ṣẹ́ẹ̀tì kan fún un, ó wà nínú ẹrù tí mo fi ránṣẹ́ pẹ̀lú lẹ́tà yìí. Mi ò rí i rí, ojú inú ni mo fi wọ̀n ọ́n. Ẹni tí kì í tú táì á ní ọrùn tín-ín-rín. Mo fi nǹkan tó le sí ọrùn rẹ̀ kó lè dúró dáadáa.

Tètè fèsì. Mi ò ní sùn.

Ẹ̀gbọ́n rẹ


Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹrin

Àbúrò mi,

Mo kọ̀wé, o ò fèsì. Ẹni tó bá mi gbé ẹrù ní òun ti fi lé ọ lọ́wọ́. Mo pe fóònù rẹ, èmi tí mo ní kí o má pè mí. Ìyàwó wa ló gbé e. Ó ní o wà níbi iṣẹ́, o wà dáadáa. Ohùn rẹ̀ ò dá mi lójú. Ó ti kọ́ èdè yín nìyẹn.

Kọ ohunkóhun sí mi. Kódà kó jẹ́ pé o ń bú mi ni, kọ ọ́.

Ẹ̀gbọ́n rẹ


Ọjọ́ kẹjọ, oṣù karùn-ún

Ẹ̀gbọ́n mi,

Ẹ má bínú. Ní tòótọ́ lọ́tẹ̀ yìí.

Mo ti kọ lẹ́tà kan sí yín tẹ́lẹ̀ pé ṣẹ́ẹ̀tì bá a mu, ó sì rẹ́rìn-ín. Mo ti lẹ̀ ẹ́ pa kí n tó fà á ya. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí.

Mo lọ ní ìrọ̀lẹ́ bí ẹ ṣe wí. Onítáì tú ẹrù náà, ó na ṣẹ́ẹ̀tì sókè, ó ní, "Ta ló rán èyí? Ọwọ́ rẹ̀ dára." Inú mi dùn, mo ní ẹ̀gbọ́n mi ni. Ó ní, "Kí ni mo ṣe fún yín?" Ibẹ̀ ni mo ti sọ ọ̀rọ̀ ìwé. Ojú rẹ̀ yí padà. Ó ní, "Ẹ fẹ́ kí n yí ìwé ilé iṣẹ́ padà?" Mo ní, "Rárá o, ẹ má bínú, kì í ṣe kí ẹ yí i, kí ẹ kàn tún un sọ dáadáa ni." Mo ń gbọ́ ara mi bí mo ṣe ń sọ ọ́, ó sì dà bí ọ̀rọ̀ olè létí ara mi.

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni ṣẹ́ẹ̀tì padà wálé pẹ̀lú lẹ́tà máńẹ́jà. Ó ní àwọn kì í gba ẹ̀bùn láti fi yí àkọsílẹ̀ padà, àti pé tí irú rẹ̀ bá tún wáyé, àwọn ò ní gba ọkọ̀ mi lọ́wọ́ mi mọ́. Ó fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì tó ń gbèjà mi. Ẹ wo èmi tí mo lọ wá ẹ̀rí pé wọ́n ta ọkọ̀ burúkú fún mi. Ẹ̀rí tó wà nílẹ̀ báyìí, èmi ló ń ta kò. Ìyàwó mi fi ṣẹ́ẹ̀tì náà kọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Mi ò lè wò ó.

Ọkọ̀ tún ti ṣe é lẹ́yìn náà, lẹ́nu géètì ilé ẹ̀kọ́ kan, àwọn ọmọ ń sọdá. Èmi nìkan ló wà nínú rẹ̀, kò sì kan ẹnì kankan. Ṣùgbọ́n ọ̀gá àwọn awakọ̀ gbọ́ nílé ìwòsàn. Ó pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kò pariwo rárá. Ó ní tó bá tún ṣẹlẹ̀ tí aláìsàn wà nínú rẹ̀, òun á yọ orúkọ mi kúrò. Owó ọkọ̀ yìí ni mo ṣì ń san fún báńkì. Tí wọ́n bá yọ orúkọ mi, kí ni màá fi san án? Bẹ́ẹ̀ sì rèé, tí mo bá ń wà á lọ báyìí, ọjọ́ kan ni afárá yẹn á gba ohun tí kò gbà lọ́jọ́sí.

Ìyàwó mi ní, "Ẹ lọ sọ pé ó ń kú. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni." Mo dúró níwájú dígí ilé ìwẹ̀, mo dán an wò. Mo ní, "Ọkọ̀ yìí máa ń…" Ẹnu mi náà sinmi. Kí ló ń ṣe mí gan-an? Ọkùnrin tí irun rẹ̀ ti ń funfun, tó ń bẹ̀rù ọ̀rọ̀ ẹnu ara rẹ̀.

Oṣù kẹfà ń bọ̀.

Àbúrò yín


Ọjọ́ kọkànlélógún, oṣù karùn-ún

Àbúrò mi,

Èmi ni mo fi ṣẹ́ẹ̀tì ba ọ̀rọ̀ jẹ́. Mo jókòó síwájú ẹ̀rọ, mo rán ẹ̀sùn sí ọ lọ́rùn, mo tún fi nǹkan tó le sí i kó lè dúró dáadáa. Má pè é ní ẹ̀bi rẹ.

Oníbàárà kan gba bùbá lọ́wọ́ mi lọ́sẹ̀ tó kọjá. Mo bi í bóyá apá rẹ̀ gbà á. Ó ní, "Ó dára, ìyá, ẹ ṣeun." Mo gbọ́ lẹ́yìn náà pé ó ti sọ fún gbogbo àdúgbò pé mo fún òun lápá bí ẹni fún adìẹ lọ́rùn. Inú bí mi. Ta ló pa á lẹ́nu mọ́ nígbà tó dúró síwájú mi? Ǹ bá tú u fún un lójú ẹsẹ̀. Àárín ìbínú yẹn ni mo ti rántí rẹ.

Mo ti ro ọ̀rọ̀ bàbá wa. Bàbá ní awakọ̀ kì í sọ ọ́ nípa ọkọ̀ tó jókòó sínú rẹ̀. Kò ní kó má sọ ọ́ tó bá ti sọ̀ kalẹ̀. Nítorí náà, sọ̀ kalẹ̀. Ti ilẹ̀kùn rẹ̀. Gbé kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sórí tábìlì wọn, kó má sí lọ́wọ́ rẹ rárá. Lẹ́yìn náà kí o sọ ọ́. Ẹnu ẹni la fi ń kọ mé è jẹ.

Mo ṣì ń bẹ̀rù wọn fún ọ. Ṣùgbọ́n afárá yẹn ni mò ń lá lálàá, kì í ṣe wọn.

Ẹ̀gbọ́n rẹ


Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù kẹfà

Ẹ̀gbọ́n mi,

Mo ti sọ ọ́.

Mo gbé kọ́kọ́rọ́ sórí tábìlì bí ẹ ṣe wí. Onítáì kò wo ojú mi dáadáa nítorí ọ̀rọ̀ ṣẹ́ẹ̀tì. Ó ní, "Kí ló ń ṣe ọkọ̀?" Èrò wà lẹ́yìn mi. Mo ní, "Ó ń kú." Ó ní, "Ẹ ní?" Mo ní, "Ọkọ̀ yìí máa ń kú lórí eré. Ó kú mọ́ mi lọ́wọ́ lórí afárá pẹ̀lú aláìsàn nínú rẹ̀. Ohun kan náà ni mo bá wá láti ìgbà àkọ́kọ́, èmi ni mi ò fẹnu mi sọ ọ́." Ó tẹ nǹkan sínú kọ̀ǹpútà. Mo ní kí ó jẹ́ kí n kà á. Ó ti kọ pé, "Oníbàárà sọ pé ọkọ̀ máa ń dúró." Mo ní, "Ẹ dákun, ẹ pa ìyẹn rẹ́. Ọkọ̀ tó dúró, awakọ̀ ló dá a dúró. Èyí ń kú." Ó pa á rẹ́. Ó kọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́, mo gba ẹ̀dà. Obìnrin kan lẹ́yìn mi rọra sọ pé, "Tèmi náà."

Òógùn bò mí bí ẹni tó gbé àpò símẹ́ǹtì. Mo jókòó sórí òkúta níta, mo tún ìwé náà kà.

Lọ́jọ́ kejì, mẹkáníìkì wọn fúnra rẹ̀ wà á jáde láti dán an wò. Ó kú mọ́ ọn lọ́wọ́ ní oríta. Ó fi ẹsẹ̀ rìn padà, wọ́n sì kọ ìyẹn náà sílẹ̀. Obìnrin ọ́fíìsì yẹn ní ó parí, ìwé méjèèjì yìí ti so àwọn tó kù pọ̀, inú wáránǹtì la sì wà. Ilé iṣẹ́ gbà láti mú ọkọ̀ wọn kí wọ́n sì dá owó padà. Ìyàwó mi jó nínú yàrá.

Ẹ̀gbọ́n mi, ǹ bá dá lẹ́tà dúró síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwé kan wà tí wọ́n ní kí n fọwọ́ sí kí owó tó jáde. Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni pé: "Ọkọ̀ yìí padà sọ́dọ̀ wa nítorí pé oníbàárà yí ọkàn padà." Mo bi Onítáì pé kí ni wọ́n máa fi ọkọ̀ náà ṣe. Ó ní, "A ó fọ̀ ọ́, a ó gbé e síta." Mo ní fún ta? Ó ní, "Ẹni tó bá ń wá ọkọ̀ tí kò wọ́n." Kò sọ ọ́ bí ẹni burúkú. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ ohun tó ń ṣe lójoojúmọ́.

Wọ́n fún mi ní oṣù kan. Kí ni kí n ṣe?

Àbúrò yín


Ọjọ́ kẹta, oṣù keje

Àbúrò mi,

Fọwọ́ sí i.

Mo kí ọ kú orí ire, mo jó tèmi náà nínú ṣọ́ọ̀bù, àwọn oníbàárà rò pé orí mi ti dàrú. Fọwọ́ sí i, gba owó rẹ, ra ọkọ̀ míì, gbé àwọn aláìsàn rẹ. Ṣé ìwọ ni ọlọ́pàá ọkọ̀ ni? Oṣù mélòó lo fi wá ẹni tó máa gbà ọ́ lọ́wọ́ irin yẹn? Nísinsìnyí tí wọ́n gbà, o tún fẹ́ kọ́ wọn ní lẹ́tà kíkọ. Tí wọ́n bá ní àwọn ò gbà mọ́ ńkọ́? Ẹni tí kò lè sọ ọ̀rọ̀ kan lóṣù méjì sẹ́yìn, òun ló ń wá ọ̀rọ̀ nínú ìwé onílẹ̀ báyìí.

Mo mọ ohun tí ò ń rò, nítorí èmi náà rò ó kí n tó gbé bíírò. Síbẹ̀, fọwọ́ sí i. Ìwọ ni mo bá tan, kì í ṣe ẹni tí yóò rà á.

Ẹ̀gbọ́n rẹ


Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù keje

Ẹ̀gbọ́n mi,

Mo mú lẹ́tà yín dání lọ. Mo fẹ́ fọwọ́ sí i. Ẹ gbà mí gbọ́ pé mo fẹ́. Onítáì ti ṣí bíírò fún mi, mo ti gbé e lé ìwé.

Ọkọ̀ tí kò wọ́n ni èmi náà wá nígbà tí mo dé ibí. Irú wa náà ni yóò wá a. Bí a bá sọ̀kò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bá. Mo gbé bíírò sílẹ̀, mo ní kí wọ́n yọ ibi tí mo ti yí ọkàn padà, kí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọkọ̀ yìí máa ń kú lórí eré. Onítáì wo ẹ̀yìn rẹ̀, ó rẹ ohùn sílẹ̀. Ó ní, "Tí mo bá kọ ìyẹn, ta ni yóò rà á?"

Mo ní, "Ohun tí mo ń bi yín gan-an nìyẹn."

Ó wọlé lọ bá máńẹ́jà. Ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó jáde, ó ní wọ́n lè kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ìwé tó bá ní irú ọ̀rọ̀ yẹn kì í parí lọ́dọ̀ wọn, olú ilé iṣẹ́ ló ń lọ, ó sì lè di ìparí ọdún kí owó tó jáde. Tí mo bá fẹ́ ti àkọ́kọ́, ọ̀sẹ̀ yìí ni. Mo ronú, ẹ má rò pé mi ò ronú. Mo ní kí wọ́n kọ ọ́. Mo kà á títí dé ìsàlẹ̀, mo fọwọ́ sí i, mo gba ẹ̀dà tèmi, mo fi ẹsẹ̀ rìn dé ilé.

Ìyàwó mi gba ẹ̀dà náà, ó kà á. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ẹ̀ bá ti fọwọ́ sí ti àkọ́kọ́." Ó ká ìwé náà padà. Ó ní, "Èmi kì bá lè wo ojú ẹni tó bá rà á." Mi ò mọ èwo nínú méjèèjì ló wà lọ́kàn rẹ̀. Bóyá méjèèjì ni.

Ẹlòmíì ló ń gba ọ̀nà mi báyìí. Ọ̀gá àwọn awakọ̀ ṣàánú mi, ó wá iṣẹ́ fún mi nínú ilé ìwòsàn, mò ń ti àwọn aláìsàn lórí àga onítáyà láti ẹnu ọ̀nà wọ inú yàrá. Owó rẹ̀ kò tó ti tẹ́lẹ̀. Báńkì ti kọ̀wé. Mi ò ní sọ fún yín pé àlàáfíà ni. Ẹ̀rù ń bà mí, ẹ̀gbọ́n mi, bẹ́ẹ̀ ló sì rí.

Lánàá, wọ́n já Màmá Oníborùn sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, èmi ni mo lọ gbà á. Mo fi ìborùn rẹ̀ wé e lọ́rùn dáadáa, mo bẹ̀rẹ̀ sí í tì í lọ. Ó ní, "Ọkọ̀ rẹ dà?"

Mo ní, "Ó kú, mà."

Ó fa ìborùn rẹ̀ mọ́ra bí a ṣe ń sún mọ́ ẹnu yàrá. Ó ní, "Ó ti pẹ́ tó ti ń kú. Mo rò pé ìwọ ni kò mọ̀, mi ò fẹ́ fi dẹ́rù bà ọ́."

Àbúrò yín ni